Ẹja tó lè bára gbé nínú àpótí omi òkun: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó rà á

Ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí láàrin àwọn ẹja òkun tí àwọn èèyàn ń sìn nínú àpótí onígíláàsì nínú ilé nítorí ẹwà wọn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ pé àwọ̀ tó ń dán ni wọ́n máa ń wò. Wọn á ra márùn-ún, wọn á dà wọ́n sínú omi kan náà, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa yọ òkú. Àdánù yìí kọjá ti owó, nítorí pé inú òkun gan-an, láàrin àpáta iyùn, ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú irú àwọn ẹja wọ̀nyí.

Omi kọ́ ni ìṣòro tó le jù. Bí iyọ̀ bá tó gíráàmù 35 nínú lítà kan, tí ooru omi sì wà láàrin ìwọ̀n 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò tẹ́ púpọ̀ nínú wọn lọ́rùn. Ìwà, oúnjẹ àti ìdàgbàsókè wọn ni kò dọ́gba. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń tà á: Kí ló ń jẹ? Báwo ni yóò ṣe tóbi tó bó bá dàgbà? Ṣé ó máa ń gba ẹlòmíràn láyè?

Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní lionfish. Kì í lé ẹja kiri, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti lè gba ẹnu rẹ̀ kọjá, oúnjẹ ni. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, oró sì wà nínú ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀. Damselfish kéré, kò sì wọ́n, àmọ́ oníjàgídíjàgan ni. Igun tó bá ti gbà, àlejò kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ewéko ni yellow tang ń jẹ, ṣùgbọ́n ohun mímú bí abẹ wà nídìí ìrù rẹ̀, méjì wọn nínú àyè tó há yóò ya ara wọn.

Ìjà nìkan kọ́ ló ń pa ẹja. Mandarinfish kì í bá ẹnikẹ́ni jà, síbẹ̀ ebi lè pa á kú nínú àpótí tuntun, nítorí pé kòkòrò tíntìntín ara òkúta ló ń jẹ, àpótí tuntun kì í sì í ní in tó.

Ẹni tí àpótí rẹ̀ gba nǹkan bíi lítà 200 lè fi clownfish méjì, irú tí wọ́n ń pè ní ocellaris, bẹ̀rẹ̀, kó fi royal gramma kan àti cardinalfish kan kún un. Akọ ni gbogbo clownfish nígbà tí wọ́n bá kéré. Èyí tó bá jẹ ọ̀gá ni yóò di abo. Nítorí náà, ẹ ra ńlá kan àti kékeré kan.

Ẹ má ṣe kó gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àpótí tuntun sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò àìrí tó ń pa oró ìgbẹ́ ẹja tó pọ̀ tó. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí alágídí wọlé kẹ́yìn. Kí ẹja tuntun sì dá wà nínú omi mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, kó má baà kó àrùn ran àwọn tó kù.

Bí ẹja kan bá ya aláìgbọràn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ má ṣe dà á sínú òkun tàbí ọ̀sà. Ní ọdún 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ rí lionfish létí òkun Florida, ní Amẹ́ríkà, níbi tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé láti inú àpótí àwọn tó ń sin ẹja ló ti débẹ̀. Lónìí, ó ti gba gbogbo òkun Caribbean kan, ó sì ń jẹ ọmọ ẹja onílẹ̀ run.