Ojú Ẹnì Kan Kò Tó Wo Sánmà

Bí ọmọ yín bá sọ lálẹ́ ọjọ́ kan pé, “Dádì, ẹ wo fọ́tò tí mo yà yìí, nǹkan kan wà níbí tí kò sí nínú ti ẹlòmíì,” kí lẹ máa sọ? Ọ̀pọ̀ wa á ní gíláàsì kámẹ́rà ló dọ̀tí.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló délẹ̀ fún àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan lọ́dún 2022. Yann Sainty àti Xavier Strottner jẹ́ ará Faransé, Marcel Drechsler sì jẹ́ ará Jámánì. Yíya fọ́tò ìràwọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Sainty ló ń ya Andromeda, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 ọdún kó tó dé ojú wa. Àwọn méjì yòókù mọ bí a ṣe ń wá nẹ́búlà, ìyẹn ìkùukùu gáàsì àti eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Pẹ̀lú fílítà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ọ́síjìn wọlé, wọ́n rí ohun búlúù kan tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn rárá.

Àmọ́ àìmọye èèyàn ti ya Andromeda rí. Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó rí i? Ó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ta padà nínú gíláàsì. Kámẹ́rà kan kò sì lè ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Nítorí náà, Sainty yà á títí ó fi lé ní 100 wákàtí, àwọn míì sì fi kámẹ́rà tiwọn wo ibẹ̀. Bray Falls ní Amẹ́ríkà rí i pẹ̀lú. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde, orúkọ wọn àti ti àwọn ọ̀mọ̀wé sì jọ wà lórí rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, fọ́tò wọn gba ipò kìíní nínú ìdíje Royal Observatory Greenwich, níbí ní London. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí bí ohun náà ṣe jìnnà sí wa tó.

Ẹ̀yin náà lè gbìyànjú, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Nẹ́búlà Orion. Nígbà òtútù, ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ wọn. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, torí ayé ń yí, ìràwọ̀ á sì fà gùn nínú àwòrán. Ẹ ya púpọ̀, kí kọ̀ǹpútà pa wọ́n pọ̀. Bí fọ́tò bá di ìlọ́po mẹ́rin, wínníwínní tó ń ba àwòrán jẹ́ á dín kù sí ìdajì. Ní ilẹ̀ tí ìkùukùu òjò ti máa ń bo sánmà yìí, ẹni méjì tó jọ yà á lóru kan ti jèrè òru méjì.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fẹnu kò lórí orúkọ tó máa wà lábẹ́ àwòrán. Ẹ fún ara yín ní fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe yà á, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ti tún ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí òbí yín mọ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ mọ kọ̀ǹpútà, òbí ló ní mọ́tò tó lè gbé wọn dé ibi tó ṣókùnkùn. Torí náà, bí ọmọ yín bá ní òun rí nǹkan, ẹ má tíì ní ìdọ̀tí ni. Ẹ bi í pé, “Ta ló tún lè bá wa yà á wò?”