Melba Liston, Aránṣọ Orin

Ẹ wo òde Sátidé kan ní Alímọ̀ṣọ́ wa níbí, ì báà jẹ́ Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò. Wọ́n ti ta àtíbàbà dí títì, sípíkà ń dún kíkankíkan, olórin ń ki àwọn olówó. Bí obìnrin bá wà nínú ẹgbẹ́ eléré náà, máìkì ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀: yálà ó ń dá orin tàbí ó ń gbè é. Gángan, gìtá àti fèrè, ọwọ́ ọkùnrin la ti ń rí wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà tí Aralola Olamuyiwa, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ara, gbé gángan kọ́ èjìká.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú jáàsì, orin tí àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní ká dárúkọ àwọn obìnrin inú rẹ̀, akọrin ló máa kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu: Billie Holiday, Ella Fitzgerald. Ṣùgbọ́n Lil Hardin ti ń tẹ dùùrù nínú ẹgbẹ́ King Oliver ní Chicago kí òun àti Louis Armstrong tó fẹ́ra ní 1924. Mary Lou Williams náà ń tẹ dùùrù, ó sì ń to orin fún ẹgbẹ́ Andy Kirk. Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú wọn ni Melba Liston, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kan orin Èkó.

Kansas City ni wọ́n ti bí i ní 1926. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí trombone tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, fèrè gígùn tí wọ́n ń fà síwá sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń fun ún. Apá ọmọdé náà kò tó o. Bó bá fẹ́ fà á dé òpin, àfi kó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní 1956, ìjọba Amẹ́ríkà rán ẹgbẹ́ Dizzy Gillespie lọ ṣeré ní òkè òkun, Gillespie sì ní kí Liston wá fun trombone, kó sì máa to orin. Àwọn ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà ń kùn pé kí ni wọ́n fẹ́ fi obìnrin ṣe. Nígbà tí wọ́n fun ohun tó kọ fún wọn, ẹnu wọn wọhò.

Kí ni iṣẹ́ ẹni tó ń to orin? Ẹ wo aṣọ ẹbí. Aṣọ kan náà ni gbogbo wa rà, àmọ́ aránṣọ ló ń gé e kó lè bá ẹni tó sanra àti ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ mu. Orin ẹlòmíì ni Liston máa gbà. Òun ló máa pinnu ohun tí trumpet máa fun, ìgbà tí sasofóònù máa dá a lóhùn, àti ibi tí gbogbo wọn máa ti dákẹ́ fún onílù. Á kọ ti kálukú sílẹ̀. Ọjọ́ òde bá pé, ẹni tó wọ aṣọ ni wọ́n ń yìn.

Ní oṣù kọkànlá 1960, ẹ̀yìn òmìnira Nàìjíríà gan-an, Randy Weston onídùùrù gba àwo Uhuru Afrika sílẹ̀ láti fi bá Áfíríkà yọ̀. Liston ló tò ó fún ẹgbẹ́ ńlá. Babatunde Olatunji, ọmọ Ajido lẹ́bàá Àgbádárìgì, wà lára àwọn onílù. Weston wá sí Èkó ní 1961. Nígbà tó di 1963, ó ṣe àwo kan tó pè ní Highlife, ó sì fi Niger Mambo sínú rẹ̀, orin Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú tó ni hòtẹ́ẹ̀lì Caban Bamboo nígbà náà. Liston náà ló tò ó, ṣùgbọ́n orúkọ Weston ló wà lórí àwo.

Ní 1985, àrùn rọpárọsẹ̀ gba fèrè lẹ́nu Liston. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà to orin, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú Weston. Ó kú ní 1999. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọwọ́ rẹ̀, kó kọ́kọ́ gbọ́ Niger Mambo ti Bobby Benson, kó tó wá gbọ́ ti Weston. Ibi tí fèrè bá ti ń sọ ohun tí kò sí nínú ti Benson, ibẹ̀ ni kó ti wá Liston.