Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kọ́bọ̀ oníhò 1936 nínú gbàǹjo orí eBay

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra owó àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti tún un tà, ẹ ṣọ́ra fún kọ́bọ̀ oníhò tí wọ́n ná ní Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia láyé òyìnbó. Èyí ti 1936, tó ní orúkọ Ọba Edward VIII lára, ni àwọn olùtajà ń pariwo jù: "Ó ṣọ̀wọ́n!" Lóòótọ́, ọba yẹn kò lò tó ọdún kan lórí ìtẹ́, wọn ò sì kó owó tirẹ̀ síta fún níná ní Ìlú Ọba. Àmọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni wọ́n rọ. Lẹ́tà H tàbí KN tó wà lára òmíràn kàn fi hàn pé Birmingham ni wọ́n ti rọ ọ́ ni.

Ẹ fi iye tí olùtajà ń pè sílẹ̀. Ẹ tẹ "Sold items", kí ẹ rí iye tí àwọn èèyàn san ní tòótọ́, kí ẹ sì yọ owó ìfiránṣẹ́ àti ti eBay kúrò kí ẹ tó ka èrè.

Tí kọ́bọ̀ náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ bó o! Owó tí wọ́n bó kì í pa owó.