Bí Fọ́tò Èkó Ṣe Di Ìwé

Ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni Palmgrove wà. Bí èèyàn bá sọ̀ níbẹ̀, tó yà sí òpópónà Shipeolu, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò máa gbọ́ títí yóò fi dé Bajulaiye ní Ṣómólú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìjọ àti àlímánáákì ẹgbẹ́. Fọ́tò ló sì kún inú wọn. Ìwé ìsìnkú ìyá àgbà kan lè gbé gbogbo ayé rẹ̀ kalẹ̀: ìgbà tó wà lọ́mọge, ọjọ́ tó ṣègbéyàwó, ọdún tó lọ sí Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù.

Irú ìwé fọ́tò mìíràn tún wà, èyí tí onífọ́tò fúnra rẹ̀ ṣe láti fi sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìyẹn kò tètè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó. Àwọn èèyàn díẹ̀ tí wọn kò dúró de ìjọba ló gbé e dé ibi tó dé.

Peter Obe wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde. Onífọ́tò ìwé ìròyìn Daily Times ni, ó sì gbé kámẹ́rà wọ inú ogun abẹ́lé. Ní 1971, ọdún kan lẹ́yìn tí ogun parí, ó kó àwọn fọ́tò náà jọ sínú ìwé Nigeria: A Decade of Crises in Pictures. Ilé iṣẹ́ tirẹ̀, Peter Obe Photo Agency, ló gbé e jáde ní Èkó.

Ọ̀nà tí J.D. 'Okhai Ojeikere gbà yàtọ̀. Wọ́n bí i ní 1930 ní ilẹ̀ Emai, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní. Ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò fún ìjọba, kó tó wá sí Èkó, tó sì ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní Ketu ní 1975. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin, púpọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn, kí orí nìkan lè sọ̀rọ̀. Iye fíìmù irun tó yà tó ẹgbẹ̀rún kan. Síbẹ̀, Paris ni ìwé ńlá lórí iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde, ní 2000, nígbà tí Fondation Cartier pàtẹ fọ́tò rẹ̀. Ọmọ Èkó tó bá fẹ́ rí irun ìyá rẹ̀ nínú ìwé náà ní láti ra á láti òkè òkun.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ kan kóra jọ. Bamako, olú ìlú Mali, tó ti ń gbàlejò ìpàtẹ fọ́tò Áfíríkà láti 1994, ni wọ́n ti rí i pé àwọn onífọ́tò ilẹ̀ míì ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Uche James-Iroha, Kelechi Amadi-Obi, TY Bello àti Amaize Ojeikere, tó jẹ́ ọmọ bàbá onírun yẹn, dá ẹgbẹ́ Depth of Field sílẹ̀ ní 2001. Zaynab Odunsi àti Emeka Okereke dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ní 2009, Okereke àti àwọn mìíràn dá Invisible Borders sílẹ̀, wọ́n sì wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Bamako, wọ́n ń ya fọ́tò bí wọ́n ṣe ń la ẹnubodè kọjá. Onífọ́tò mìíràn, Uche Okpa-Iroha, gba ẹ̀bùn Seydou Keïta, ẹ̀bùn tó ga jù ní Bamako, lọ́dún náà, ó sì tún gbà á ní 2015.

Iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n á gbé e kọ́ sí, àti ẹni tí yóò kọ nípa rẹ̀, kò tó nǹkan. Àyè yẹn ni Bisi Silva dí. Ní oṣù Kejìlá 2007 ló ṣí Centre for Contemporary Art ní Sábó, Yábàá, ibi tí kò jìnnà sí Palmgrove rárá. Ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé iṣẹ́ ọnà síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ alárìnkiri tí wọ́n ń pè ní Àsìkò sílẹ̀ ní 2010, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tó sì dé Accra, Dakar, Maputo àti Addis Ababa. Ní oṣù Kejì 2014, Ojeikere kú. Ọdún náà gan-an ni Silva gbé ìwé ńlá lórí gbogbo iṣẹ́ bàbá náà jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, Èkó ni ìwé náà ti jáde. Silva náà dolóògbé ní oṣù Kejì 2019, ṣùgbọ́n ilé tó dá sílẹ̀ kò kú.

Azu Nwagbogu ní tirẹ̀ fẹ́ kí ará ìlú rí fọ́tò láìjẹ́ pé wọ́n wọ gbọ̀ngàn. Ó dá African Artists' Foundation sílẹ̀ ní 2007, ó sì bẹ̀rẹ̀ LagosPhoto ní 2010, ìpàtẹ tó gbé àwòrán ńláńlá jáde sí gbangba ìlú.

Ohun tí kò wọ inú ìwé ń parẹ́ lásìkò kan náà. Nígbà tí kámẹ́rà onífíìmù kógbá wọlé, ọ̀pọ̀ ilé fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í da fíìmù àtijọ́ nù tàbí kí wọ́n dáná sun ún. Láti 2015 ni Karl Ohiri ti ń gba irú wọn là. Òun àti Riikka Kassinen ló ń bójú tó Lagos Studio Archives. Lára ohun tí wọ́n rí ni iṣẹ́ Abi Morocco Photos, ilé fọ́tò tí John Abe àti ìyàwó rẹ̀ Funmilayo jọ dá sílẹ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1970. Ilé ìpàtẹ fọ́tò Autograph pàtẹ iṣẹ́ wọn ní London láti 2024 sí 2025.

Kelani Abass, ọmọ Abẹ́òkúta, ló so fọ́tò àti iṣẹ́ ìtẹ̀wé pọ̀ jù. Atẹ̀wé ni bàbá rẹ̀. Àpótí onígi tí wọ́n ń to lẹ́tà onírin sí ni Abass máa ń mú, á fi fọ́tò ẹbí àtijọ́ sínú ihò rẹ̀. Ní 2023, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ti Akinbode Akinbiyi, Logo Oluwamuyiwa, Ohiri àti àwọn mẹ́ta mìíràn, gbogbo wọn tí iṣẹ́ wọn dá lórí Èkó.

Kí ló dé tí ìwé onífọ́tò kò fi ń ti Ṣómólú jáde lójoojúmọ́? Kì í ṣe pé ọwọ́ kò mọ iṣẹ́. Àwọ̀ mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ń tẹ fọ́tò aláwọ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní pléètì tirẹ̀. Owó pléètì kò yí padà, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún ìwé lèèyàn fẹ́ tẹ̀ tàbí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹni tó tẹ díẹ̀ ni yóò san jù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò dúdú-òun-funfun náà ní wàhálà tirẹ̀: íǹkì dúdú nìkan kì í gbé òjìji rẹ̀ yọ dáadáa, àfi kí wọ́n fi íǹkì eérú kún un, ìyẹn sì tún jẹ́ pléètì mìíràn. Bébà dídán tó yẹ fọ́tò, òkè òkun ló ti ń wá, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba kọ́ sí Jẹ́bà, Ìwópin àti Oku-Iboku kò lè bọ́ àwọn atẹ̀wé. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà 2023, owó bébà gun òkè.

Gbogbo ìnáwó wọ̀nyí ni ìwé ìsìnkú náà ń kojú, síbẹ̀ kì í ṣàìjáde, nítorí ẹbí ti dá owó rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó yí. Ìwé onífọ́tò ni kò ní ẹbí. Bí a ṣe ń dáwó aṣọ ẹbí kí ọjọ́ ìnáwó tó pé ni àwa tí a fẹ́ràn fọ́tò lè san owó ìwé sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Èèyàn ọgọ́rùn-ún mẹ́ta tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti tó láti mú kí atẹ̀wé kan ní Shipeolu gbé pléètì sórí ẹ̀rọ.