Fítámínì Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Àrùn Jẹjẹrẹ Àpò Ìtọ̀

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kan àwọn ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìlú tí kò kàn. Òun ni ọ̀rọ̀ fítámínì inú ẹ̀jẹ̀ àti àrùn jẹjẹrẹ tí í mú àpò ìtọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé fítámínì lè dènà jẹjẹrẹ lè sáré lọ ra ìgò méjì mẹ́ta, kí ó sì rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ẹlòmíràn sì wà tí ó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ fún aya tàbí ọmọ. Nítorí àwọn méjèèjì ni a ṣe fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà yéké.

Iṣẹ́ tí àpò ìtọ̀ ń ṣe

Kíndìnrín méjì tí ó wà lẹ́yìn ìhà wa ni í máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí tí wọ́n bá sẹ́ kúrò á bá omi lọ, á di ìtọ̀, á sì ṣàn sọ̀kalẹ̀ sínú àpò kan ní ìsàlẹ̀ ikùn. Níbẹ̀ ni í dúró sí títí a ó fi ráyè lọ tọ̀. Bí àgbá tí a ń pọn omi sí ni àpò yìí rí: ohunkóhun tí ó bá wà nínú omi, ara àgbá ni yóò máa kàn. Bí májèlé bá ń gba inú ìtọ̀ kọjá láti ọdún dé ọdún, awọ inú àpò náà ni yóò máa jìyà rẹ̀, títí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ yóò fi ya aláìgbọràn, tí wọn yóò máa pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró. Èyí ni a ń pè ní jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2022, iye ènìyàn tí a rí àrùn yìí lára wọn ní gbogbo ayé lé ní 600,000. Àwọn ọkùnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ṣe ìpàdé kan ní ìlú Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Rosemary Bland ti Yunifásítì Warwick ti ròyìn iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Wọ́n kó ìwádìí méje jọ tí àwọn ènìyàn ti ṣe tẹ́lẹ̀ lórí fítámínì D inú ẹ̀jẹ̀ àti jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ti ènìyàn 112, èyí tí ó tóbi jù sì tó nǹkan bí 125,000. Nínú méje yìí, márùn-ún fi hàn pé àwọn tí fítámínì D kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni àrùn náà máa ń mú jù.

Wọ́n tún wo sẹ́ẹ̀lì inú àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó lè jí fítámínì D dìde sí iṣẹ́, kí fítámínì náà sì ta àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lólobó. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, pé àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí a máa pa sẹ́ẹ̀lì tí ó bá fẹ́ yà kúrò lọ́nà kí ó tó di jẹjẹrẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Àkùkọ a máa kọ, ilẹ̀ a sì máa mọ́. Síbẹ̀ kì í ṣe àkùkọ ni ó mú ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kì í jáde sí oòrùn, kì í sì í jẹun dáadáa. Fítámínì rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ nítorí àìsàn náà, kí ó má jẹ́ pé fítámínì ni ó fa àìsàn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n pín ènìyàn 25,871 sí ọ̀nà: wọ́n fún àwọn kan ní fítámínì D lójoojúmọ́ fún bí ọdún márùn-ún, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018, àwọn tí ó lo fítámínì náà kò bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ju àwọn yòókù lọ.

Èyí tí ó tilẹ̀ dẹ́rù bani ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀ ní Finland. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin tí ń mu sìgá ní èròjà inú kárọ́ọ̀tì tí ara ń sọ di fítámínì A, kí ó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1994 ni èsì jáde: àrùn náà pọ̀ sí i láàrin àwọn tí ó lò ó ju àwọn tí kò lò ó lọ. Bí oògùn kan bá ń jẹ́ fítámínì, kò ní kí ó má lè ṣe ibi.

Ta ni fítámínì D lè kéré lára rẹ̀?

Oòrùn tí ó bá kan ara wa ni í mú kí ara ṣe fítámínì D. Awọ dúdú kì í tètè ṣe é bí awọ funfun, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi oòrùn jíǹkí wa ní Èkó. Alábàárù tí ń ṣiṣẹ́ ní ebútékọ̀ Àpápá àti ìyá tí ń pàtẹ ní ọjà Bọ́ńdárì ń rí i lójoojúmọ́. Àwọn tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni arúgbó tí kì í jáde nínú yàrá, aláìsàn tí ó ti pẹ́ lórí ibùsùn, akọ̀wé tí ń wọ ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́ tí ń jáde lálẹ́, àti ẹni tí aṣọ bò láti orí dé ẹsẹ̀ nígbà gbogbo.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí oòrùn tó, nítorí náà ni ìjọba ibẹ̀ ṣe ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú níyànjú láti máa ronú lílo ìwọ̀n kékeré fítámínì D lójoojúmọ́ yípo ọdún. Bí wọ́n bá fi ìgò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ rántí pé òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe ìmọ̀ràn yẹn. Ẹni tí ó bá lò ó ní àlòjù, kálísíọ́mù á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èébì lè máa gbé e, kíndìnrín rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Oúnjẹ kò ní irú ewu yìí: ẹja Titus, ẹja ṣáwá, ẹyin àti ẹ̀dọ̀ ni ó ní fítámínì D nínú.

Àwọn ọ̀tá gan-an

Sìgá ni olórí wọn. Èéfín tí a fà sínú ẹ̀dọ̀fóró kì í dúró síbẹ̀. Májèlé rẹ̀ á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á sẹ́ ẹ, á sì wá gúnlẹ̀ sínú àpò ìtọ̀. Ẹni tí ń mu sìgá lè ní àrùn yìí ní ìlọ́po mẹ́ta ẹni tí kò mu ún rí.

Ìkejì ni kẹ́míkà ibi iṣẹ́. Láti 1895 ni Ludwig Rehn, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ti kíyè sí i pé àrùn yìí ń mú àwọn tí ń ṣe aró ní ilé iṣẹ́. A ti mọ̀ pẹ̀lú pé ó ń mú àwọn akunlé ju ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí ń fi ọ̀dà tàbí aró ṣiṣẹ́, kí ó máa wọ ìbọ̀wọ́, kí ó bo imú, kí ó sì fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

Ìkẹta ni àtọ̀sí ajá. Inú ìgbín kékeré odò ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde. Á gba ara ẹni tí ń wẹ̀ lódò wọlé, ẹyin rẹ̀ á sì máa ha ògiri àpò ìtọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1994 ni àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ fi í sí ara àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Oríṣiríṣi ènìyàn ni ó gúnlẹ̀ sí Ajégúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì fi odò ṣeré ní kékeré. Àrùn yìí ti ṣe àwọn ọmọ abúlé ẹ̀bá ìdídò Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, léṣe púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti tọ ẹ̀jẹ̀ rí ní kékeré, kí ó sọ fún dókítà. Oògùn praziquantel ń pa kòkòrò náà.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀

Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Àmì àkọ́kọ́ jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìrora kankan. Ó lè wá lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ibí yìí ni ó ti ń tan ènìyàn. Ẹni tí ó mu àgbo ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ yóò rò pé àgbo ni ó wo òun sàn, àrùn yóò sì máa dàgbà lábẹ́lẹ̀. Obìnrin lè rò pé nǹkan oṣù rẹ̀ ni. Ọkùnrin lè rò pé àtọ̀sí lásán ni, kí ojú sì máa tì í.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ ni jẹjẹrẹ; òkúta inú kíndìnrín tàbí àtọ̀sí ajá lè fà á. Ṣùgbọ́n dókítà nìkan ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Àpápá tàbí ní Ajérọ̀mí. Wọn yóò yẹ ìtọ̀ yín wò, wọn yóò sì ya àwòrán ikùn. Bí ó bá yẹ, wọ́n lè ní kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìdí-Àràbà, níbi tí oníṣègùn yóò ti fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníná wo inú àpò náà. Bí a bá tètè rí àrùn náà, ọ̀nà ìtọ̀ náà ni a ó gbà yọ ọ́, a kò ní la ikùn. Bí ó bá pẹ́, ó lè di dandan láti gé gbogbo àpò ìtọ̀ kúrò.

Kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Ẹ pa sìgá tì, ẹ jẹ ẹja, ẹ gba oòrùn sára níwọ̀nba, ẹ má fi ìgò fítámínì ṣe odi. Ẹ̀yin ìyáálé ilé, bí baálé yín bá ń pẹ́ ní ilé ìyàgbẹ́ tàbí tí ẹ rí àmì ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò rẹ̀, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í léèrè, kí ẹ sì bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà.