Ibi tí ìlù inú Ṣaworoidẹ ti wá

Níbi ìsìnkú àgbà kan ní Ẹdẹ, bàbá onílù kan sọ ọ̀rọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní bí àwọn ọmọ òun bá ń wo fíìmù Ṣaworoidẹ, ọ̀rọ̀ òṣèlú nìkan ni wọ́n ń rí níbẹ̀; ìlù ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí, wọn ò gbọ́.

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ọdún 1999 tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni fíìmù náà jáde; Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Túndé Kèlání ló darí rẹ̀. Kíá ni gbogbo èèyàn ti rí Nàìjíríà nínú Jogbo, ìlú inú fíìmù náà. Ṣùgbọ́n Àyángalú onílù ni òpó ìtàn náà. Ẹni tó bá máa jọba ní Jogbo gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́ sórí kó tó dé adé idẹ. Lápité tó jọba kọ̀, torí ó fẹ́ kówó jọ láìsí ẹ̀jẹ́ lọ́rùn. Idẹ lórí ọba, ṣaworo idẹ lára ìlù: àwọn méjèèjì ló jọ mulẹ̀. Nígbà tí Lágata, sójà tó gbàjọba, gbé adé náà dé láìgba gbẹ́rẹ́, ìlù dún, Lágata sì kú.

Níbo ni irú ìlù bẹ́ẹ̀ ti wá? Ẹ wo ìyáàlù dùndún dáadáa: igi ọ̀mọ̀ tí wọ́n gbẹ́ nínú, awọ ewúrẹ́ lójú méjèèjì, ọ̀sán tí onílù ń há mọ́ ìhà, ṣaworo tó yí ojú rẹ̀ ká. Bí kọ̀ǹgọ́ bá ti kan awọ, ṣaworo á máa gbè é. Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétòyèsè Láoyè, tóun náà mọ ìlù í lù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú kan tó ń jẹ́ Ṣaworo nílẹ̀ Ìbàrìbá ni Àyàn, òrìṣà àwọn onílù, ti wá, òun ló sì kọ́ àwọn ìdílé Yorùbá kan ní ìlù lílù. Bàbá onílù ibi ìsìnkú yẹn fara mọ́ ọn. Onílù bàtá tó jókòó tì í fárígá. Ó ní kí dùndún tó ti Òkè Ọya dé, bàtá ti ń dún fún Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́. Àyàn tòun ò bá ẹnikẹ́ni ti Ìbàrìbá wá. Wọ́n fà á títí àmàlà fi tutù níwájú wọn. Ọ̀kan ń ki Àyàn, èkejì ń ki Ṣàngó, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì, àfìgbà tí ẹ̀rọ DJ bo ohùn àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ó dùn mí gan-an. Onílù òde ayẹyẹ lónìí, orúkọ olówó ló ń pè. Ìlù tó ń bá ọba wí, tó ń rán an létí ẹ̀jẹ́ rẹ̀, inú fíìmù la ti ń rí i.

Lójú tèmi, Ìṣọ̀lá ò ṣàdédé hun agbára ìlù yẹn. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, Àyàn, tí wọ́n ń pè ní Añá níbẹ̀, ṣì ń gbé inú bàtá tí wọ́n bá ti ṣètùtù sí, ṣaworo sì wà lára ìyá ìlù wọn títí dòní. Ọ̀wọ̀ ìlù ti wà kí ọkọ̀ ẹrú tó ṣí.

Ohun kan tún wà nínú fíìmù náà tí mo rò pé àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́. Igbó Jogbo ni àwọn agégẹdú ń gé tà, tí ọba àtàwọn ìjòyè ń pín owó rẹ̀. Inú igbó ọ̀hún náà ni igi ìlù ti ń wá.