Ìdí Ògiri àti Etí Ilẹ̀kùn: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìyàwó Ilé Mọ̀ Kí Ó Tó Pe Káfíńtà

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, bí a bá ń kọ́lé, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í rí àyè sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Baálé ti bá bíríkìlà sọ tirẹ̀, ó sì ti bá ẹni tí ó kan páànù sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá wá ku ọ̀dà kíkùn àti àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń yí ìdí ògiri àti etí ilẹ̀kùn ká, wọn a ní kí ìyàwó wá yan àwọ̀ tí ó wù ú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín mọ sórí àwọ̀ nìkan. Ẹni tí yóò máa gbá ilé náà, tí yóò máa fi omi nù ún, tí ọmọ rẹ̀ yóò sì máa rá kiri nínú rẹ̀, òun gan-an ni ó yẹ kí ó mọ̀ nípa ìdí ògiri ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àwọn oníṣẹ́ ń pe igi ìdí ògiri ní skirting, wọ́n sì ń pe èyí tí ó yí ẹnu-ọ̀nà ká ní architrave. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe hàn gbangba. Igi ìdí ògiri kì í jẹ́ kí ìgbálẹ̀, àga àti bàtà ọmọdé ba ọ̀dà ògiri jẹ́. Ó sì ń dí àlàfo tí ó wà láàrin ògiri àti ilẹ̀, níbi tí aáyán àti èèrà fẹ́ràn láti máa gbé. Igi etí ilẹ̀kùn ní tirẹ̀ ń bo ibi tí férémù àti ògiri ti pàdé. Igi a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n síméǹtì kì í bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò sí bí ojú ibẹ̀ kò ṣe ní là. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn igi wọ̀nyí ni a fi ń pa ẹnu ògiri dé.

Ìtọ́jú ìdí ògiri kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn ìyá wa. Ní ayé ilé alámọ̀, àwọn obìnrin ni wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ ilé kí ó lè dán, kí ó má sì máa bu eruku. Pèpéle tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàtọ̀ sí pé a ń jókòó lé e, kì í jẹ́ kí ọ̀wààrà òjò jẹ ẹsẹ̀ ògiri. Ìran Èkìtì kò sì kẹ̀rẹ̀ nínú fífi igi ṣe ẹnu-ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1938, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924. Àwọn British Museum fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ọba. Ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ilẹ̀ rẹ̀ jáde kò yẹ kí ó gba jákujàku lọ́wọ́ káfíńtà.

Ẹ yẹ ògiri wò kí ẹ tó ra igi

Igi kì í wo àrùn ògiri sàn. Ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Bí ẹ bá kan igi mọ́ ògiri tí ń mu omi, ẹ̀yìn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ẹ kò sì ní mọ̀ títí yóò fi di ìnáwó kejì. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ní Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, bí Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn àti Ìfàkì, ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè tàbí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Omi òjò tí ń ṣàn bọ̀ láti òkè a máa kó jọ sí ẹ̀yìn ilé. Ilẹ̀ a mu ún, ìdí ògiri a sì máa fà á sókè bí òwú àtùpà ti ń fa epo. Bí ọ̀dà bá ń ṣí ní ìdí ògiri, tàbí tí ohun funfun bí iyọ̀ bá ń hù níbẹ̀, àmì rẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ gé náílọ́ọ̀nù tí kò ní ihò, kí ó tóbi tó ojú ìwé yìí. Ẹ fi sẹ́lótépù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ìhà tí ó kọjú sí ògiri, ògiri náà ni ó ń mu omi. Bí ó bá jẹ́ ìhà tí ó kọjú sí yàrá ni ó tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ó lọ́rinrin jù. Ẹ máa ṣí fèrèsé. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ògiri, ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ ojú àgbàrá tí yóò gbé omi òjò kọjá, kí a wa iyẹ̀pẹ̀ tí ó ti kó jọ sí ara ògiri kúrò, kí a ha ibi tí ó bàjẹ́, kí a tún un rẹ́, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Ìgbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ni ó dára jù lọ fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ tún wo ipa ikán. Bí ẹ bá rí amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gun ògiri tàbí férémù, ẹ má ṣe kàn gbá a dànù kí ẹ sì kan igi bò ó. Inú ilẹ̀ ni ilé wọn wà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ oògùn ikán lò kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Irú igi tí ó yẹ

Ìrókò àti tíìkì le, ikán kì í sì í tètè jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ó sì ń gba ọ̀dà dáadáa, àmọ́ ikán àti kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí ó bá rà á gbọ́dọ̀ fi oògùn igi kùn ún yíká. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi ọ́ìlì mọ́tò tí a ti lò kun igi inú ilé. Òórùn rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú, májèlé sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀fìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jìn sí ni igi tútù. Igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́ọ̀mìlì dé, tí a kàn mọ́ ògiri nígbà òjò, yóò sún kì nígbà tí ọyẹ́ bá dé, gbogbo oríkèé rẹ̀ yóò sì ṣí sílẹ̀. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná yín lè gbà yín lọ́wọ́ èyí. Ẹ gé ègé tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan lára pákó náà, ẹ kun ẹnu rẹ̀ méjèèjì ní ọ̀dà kí ó má baà yára gbẹ ju ìyókù lọ, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ to gbogbo igi náà sábẹ́ òrùlé, kí ó má kan ilẹ̀, kí ẹ fi igi kéékèèké sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Ẹ máa wọn ègé náà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín kù mọ́, igi ti gbẹ tó.

Ní ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ibikíbi tí a ti ń da omi sílẹ̀ fọ ilẹ̀, ẹ má ṣe lo igi rárá. Táílì tàbí síméǹtì tí a rẹ́ kí ó dán ni ó yẹ ibẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a mú yàrá kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó fẹ̀ ní 10, tí ó ní ilẹ̀kùn kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní 3. Ìdí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 44. Bí a bá yọ ẹnu-ọ̀nà kúrò, ó ku 41. Bí igi tí ẹ rí bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, mẹ́rin yóò tó, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ògiri kọ̀ọ̀kan.

Etí ilẹ̀kùn ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Bí ilẹ̀kùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, igi ẹ̀gbẹ́ méjì àti ti òkè yóò tó nǹkan bí 18 ní ojú kan. Ojú méjèèjì jẹ́ 36. Ẹni tí ó bá fi 12 pín 36 yóò ní igi mẹ́ta tó. Kò tó. Igi ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 7; igi kan kò lè mú méjì jáde, a kì í sì í so ó ní àárín. Mẹ́rin ni ẹ óò rà, ti òkè yóò sì jáde lára àjẹkù. Igi mẹ́jọ, nígbà náà, ni yàrá yìí yóò gbà.

Nígbà tí káfíńtà bá dé

Kí ó tó kan ohunkóhun, kí igi ti jẹ ọ̀dà níwájú, lẹ́yìn, àti ní ẹnu tí a gé, nítorí ẹnu igi ni ó ń mu omi jù lọ. Etí ilẹ̀kùn ni a ń kọ́kọ́ kàn, kí igi ìdí ògiri lè wá parí sí ara rẹ̀. Ní igun òkè ilẹ̀kùn, a ń gé igi méjèèjì ní dígíríì 45, kí àpapọ̀ wọn lè jẹ́ 90.

Igun yàrá kì í sábà gún régé. Ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lára ògiri kan láti igun, kí ẹ wọn 4 lára ìkejì, kí ẹ sì fa tépù láti àmì kan sí èkejì. Bí ó bá jẹ́ 5 gẹ́lẹ́, igun náà gún. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí káfíńtà jẹ́ kí igi kan wọ inú igun tààrà, kí ó sì gé ẹnu èkejì kí ó lè bá ojú ti àkọ́kọ́ mu.

Kí igi má ṣe jókòó lé ilẹ̀. Kí àlàfo tí ó nípọn bí owó ẹyọ wà lábẹ́ rẹ̀, kí a sì dí i lẹ́yìn náà. Ìṣó lásán a máa tẹ̀ lára ògiri bulọ́ọ̀kù. Ìṣó síméǹtì tàbí skúrù ni ó yẹ. Ẹ pa iná mànàmáná, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a kan ìṣó sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí ibẹ̀ ni wáyà sábà máa ń gbà.

Ọ̀dà àtijọ́ àti ọmọ yín

Bí ilé yín bá ti pẹ́, ọ̀dà tí ó wà lára ilẹ̀kùn àti ògiri lè ní òjé nínú. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Láti ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà ti fi òfin dè é nínú ọ̀dà ilé; ní Nàìjíríà, òfin tí NAFDAC gbé jáde ní 2021 kò gbà kí ó ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Nítorí náà, kí aboyún àti ọmọdé kúrò nílé lọ́jọ́ tí a bá ń ha ọ̀dà. Kí a fi omi rin ín kí a tó ha á, kí a má ṣe fi iná sun ún, kí a má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀. Aṣọ tútù ni kí a fi nù ún. Bí ẹ bá ń ra ọ̀dà tuntun, ẹ béèrè èyí tí kò ní òjé.

Kí ẹ tó san owó tí ó kù, ẹ fi ọwọ́ yín tọ igi náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wò ó bóyá ó ń mì, bóyá èékánná yín lè wọ inú oríkèé, àti bóyá ilẹ̀kùn ń ṣí láìha igi. Ẹ sọ ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn ní pẹ̀lẹ́, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ tí ẹ bá ń tún ilé ṣe, ẹ fa àga àti àpótí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn wọn. Níbi tí ojú kì í tó ni ikán ti ń bẹ̀rẹ̀.